Orúkọ Lemuel Gove Nínú Ìwé Àwọn Olùdìbò

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1852, Tamsin Gove kú. Àìsàn àyà ló pa á, láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Ilẹ̀ ìlú Dunbury ti dì gbagidi nígbà náà, ṣọ́bìrì kò ràn án, nítorí náà wọ́n gbé pósí rẹ̀ sínú ilé òkúta tó wà lẹ́yìn itẹ́ òkú, níbi tí gbogbo ẹni tó bá kú nígbà òtútù ti ń dúró de oṣù Kẹrin.

Ọkọ rẹ̀, Díákónì Jotham Gove, kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ìlà mẹ́ta ni. "Ìyá rẹ kú ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí. A ó sin ín nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀. Èmi ni bàbá rẹ, J. Gove." Ó fi í ránṣẹ́ sí Lemuel, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ní ìlú àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tó wà nísàlẹ̀ odò. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó mọ̀ pé nǹkan kan kù nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù náà kò ju "máa bọ̀ wálé" lọ, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà ti há a lọ́fun, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ìbò gómìnà ló tú wọn ká. Ọdọọdún ni ìpínlẹ̀ New Hampshire ń yan gómìnà, ní ọjọ́ Túsìdè kejì nínú oṣù Kẹta, nígbà tí yìnyín bá ń di ẹrẹ̀. Kò sí ìbò ìkọ̀kọ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á tẹ ìwé ìbò tirẹ̀. Ti ẹgbẹ́ Wíìgì ní ìlà búlúù létí, ti Dẹ́mókíráàtì funfun láìní ìlà. Ọkùnrin á mú tirẹ̀ dání, á rìn la àárín ilé ìpàdé kọjá, á jù ú sínú àpótí lójú gbogbo aládùúgbò. Ìwé onílà búlúù ni wọ́n ń mú nílé Gove. Ní ọdún 1849, Lemuel pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó sì jáde láti dìbò rẹ̀ àkọ́kọ́. Èyí tó funfun ló mú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n délé, tí Tamsin fẹ́ bu ẹ̀wà sí àwo mẹ́ta, Díákónì ní, "Bu àwo méjì. Ẹni tó bá lè dójú ti ilé yìí lójú gbogbo ìlú, kó lọ wá ilé tó wù ú."

Lemuel ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ó ti lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù fún un ní Dunbury, orúkọ rẹ̀ ni. Gbogbo ọkùnrin tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, orúkọ wọn wà nínú ìwé kan tí àwọn alábòójútó ìlú mẹ́ta ń tọ́jú. Bí ọjọ́ ìbò bá kù díẹ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìpàdé kí gbogbo èèyàn rí i. Ẹni tó bá ti kú, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ẹni tó bá kó lọ pátápátá, wọ́n á pa á rẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn rìnrìn àjò, tó sì ní ilé lọ́kàn, orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀ títí á fi dé. Díákónì Gove ni olórí àwọn mẹ́ta náà láti ọdún mọ́kànlá, òun ló sì ń di gègé mú.

Òun àti Tamsin kò dárúkọ ọmọ náà fún ara wọn láti àárọ̀ ọjọ́ tó lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, lọ́jọ́ tí wọ́n bá lẹ ìwé, Tamsin á da ìborùn bo orí, á rin ibùsọ̀ kan àbọ̀ nínú yìnyín lọ sí ilé ìpàdé. Obìnrin kì í dìbò. Síbẹ̀ á dúró níwájú ilẹ̀kùn, á fi ìka tẹ̀ lé ìwé náà wálẹ̀ títí á fi dé ibi tí àwọn Gove wà. Bó bá padà délé, á jókòó bọ́ bàtà, á ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀."

Díákónì á ní, "Hùn."

Ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa Lemuel lọ́dún kan. Ó tó wọn.

Lẹ́yìn tí ó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, Díákónì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìdí tó fi yẹ kó máa gba iwájú hòtẹ́ẹ̀lì Caleb Hoyt kọjá, níbi tí ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ti ń já lẹ́tà sílẹ̀. Hoyt ni igbá-kejì rẹ̀ nínú àwọn alábòójútó ìlú, ọkùnrin sísanra tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Kò sí nǹkan lónìí o, Díákónì."

"Mi ò bi ọ́."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò bi mí. Ojú yín ló bi mí."

Ọ̀sẹ̀ kan lọ, ìkejì lọ, ìkẹta, ìkẹrin. Kò sí èsì.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, àwọn mẹ́ta jókòó nínú yàrá iwájú hòtẹ́ẹ̀lì láti tún ìwé náà wò fún ìgbà ìkẹyìn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tó fẹ́ wí nípa orúkọ kan, ọjọ́ yẹn ló gbọ́dọ̀ wí i. Nahum Dow, ẹnì kẹta wọn, ti ń tòògbé lẹ́bàá iná. Enos Peaslee ló wọlé, àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ pààlà pẹ̀lú ti Díákónì.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin alágbára. Ṣé iná yín mú?"

"Ó mú ju tìrẹ lọ," ni Hoyt wí, "ìwọ tó ń fi igi tútù dáná kí igi gbígbẹ má baà tán. Wá jókòó."

"Mi ò wá jókòó. Mo ka ìwé yín lára ilẹ̀kùn. Mo rí Gove méjì níbẹ̀. Peaslee kan ṣoṣo ni mo rí."

Gbogbo wọn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Lọ́dún tó kọjá, Orrin, ọmọ Enos, wà ní Kalifóníà níbi tó ti ń wa góòlù, Díákónì sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Enos bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní àáké ọmọ òun ṣì wà lára ògiri, ó ní ìyá rẹ̀ ṣì ń tẹ́ ibùsùn rẹ̀. Díákónì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó máa ń bi gbogbo èèyàn, pé níbo ni ó ń sùn. Enos ní abẹ́ àgọ́ ni. Ni Díákónì bá fa ìlà lé e.

"Díákónì," ni Enos wí, "Orrin tèmi ń sùn lábẹ́ àgọ́ ní Kalifóníà. Lemuel tiyín ńkọ́? Níbo ló ń sùn?"

Hoyt fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Enos! Obìnrin náà ò tíì wọ ilẹ̀!"

"Mo mọ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó gbé e. Nígbà tó wà láyé, ṣé ẹ gbọ́ ohùn mi nípa ti Lemuel? Mo máa ń rí i lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, tó ń fi ìka wá ọmọ rẹ̀. Ṣe ni mo máa ń yà gba ẹ̀yìn kí ó má baà rí mi." Ó ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. "Ẹ gbọ́ mi yé o. Mi ò ní kí ẹ pa ọmọ yín rẹ́. Tèmi ni mo ní kí ẹ dá padà. Ẹ kọ àwọn méjèèjì síbẹ̀, ká jọ máa retí wọn."

"Kò burú," ni Hoyt sáré wí. "Mi ò rí aburú níbẹ̀. Nahum, ṣó burú?"

Nahum la ojú kan. "Kò burú."

Àwọn méjèèjì wá ń wo Díákónì.

Ì bá rọrùn. Gègé wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàdáwà wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé lójú gbogbo ìlú, ohun tí òun fi du ọmọ ẹlòmíì ni òun fẹ́ fún ọmọ ara òun. Ó tún ro èyí tó burú ju ìyẹn lọ. Ẹni tó gbọ́ pé ìyá rẹ̀ kú tí kò fèsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ilé wo ló ní lọ́kàn? Ó ti rẹ Díákónì láti máa wo ojú ọ̀nà. Ó sàn kí òun fọwọ́ ara òun ti ilẹ̀kùn náà ju kí òun tún jókòó tì í. Ó ti gègé bọ tàdáwà, ó fa ìlà lórí orúkọ Lemuel Gove láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Díákónì, ohun tí mo wí kọ́..."

"Mo gbọ́ ohun tí o wí. Bí Orrin ò bá sí níbẹ̀, Lemuel ò sí níbẹ̀."

Enos wò ó títí. "Mo wá bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ méjì," ló wí jẹ́ẹ́, "ẹ wá lé méjèèjì síta." Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n ń lọ síbi ìsìn, Díákónì gba ẹ̀gbẹ́ ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn náà kọjá, kò wò ó.

Ọjọ́ ìbò pé. Díákónì ti kúrò nílé kí oòrùn tó yọ, nítorí àwọn alábòójútó ló ń ṣí ilé ìpàdé. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ẹrẹ̀ ti dé orókùn ẹṣin, inú ilé ìpàdé ti kún dẹ́nu, ó ń rùn fún tábà àti aṣọ òtútù tí omi ti rin. Lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó Nahum Dow ń ta búrẹ́dì oníatalẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì sì ń ki ìwé ìbò bọ ọwọ́ ẹni tó bá ń wọlé.

"Ẹ gba ìwé funfun! Lund fún gómìnà! Lund á ṣe ọ̀nà fún wa!"

"Èwo ni ọ̀nà? Ọ̀nà iwájú ilé Lund fúnra rẹ̀, màlúù ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀! Ẹ gba Eastwick o!"

"Eastwick tí kò lè gbọ́ ìwàásù láìsùn?"

"Ó kúkú ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bi Lund bóyá ó mọ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀!"

Hoyt ni alága ìpàdé, ó jókòó sẹ́yìn àpótí ìbò. Díákónì jókòó tì í pẹ̀lú ìwé orúkọ níwájú rẹ̀. Bí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan bá dé, á dárúkọ ara rẹ̀, Díákónì á wá orúkọ náà, á sàmì sí i, á ní, "Ẹni tó kàn." Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láti àárọ̀, kò gbójú sókè. Ó tó nǹkan bí aago mọ́kànlá kí ohùn kan tó wí níwájú rẹ̀ pé:

"Lemuel Gove."

Ó gbójú sókè. Ọmọ náà ti rù. Ó ti dá irùngbọ̀n sí, ẹrẹ̀ dé e lórókùn. Hoyt pariwo, "Lemuel! Ọmọ Tamsin! Ìwọ rèé!" Gbogbo ilé sì yíjú.

Lemuel ṣí fìlà. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Ẹ kú àdánù ìyá wa. Mo ti kúrò nílé tí ẹ kọ lẹ́tà yẹn sí, wọ́n ń gbé e kiri. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló tó tẹ̀ mí lọ́wọ́."

Ìwé ìbò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Funfun ni, kò ní ìlà. Díákónì rí i, fún ìgbà àkọ́kọ́ inú kò sì bí i. Ìka tó di ìwé náà mú ló ń wò, nítorí ìka Tamsin ni. Ó wojú ìwé orúkọ bí ẹni tó ń wá nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

"Orúkọ rẹ kò sí nínú ìwé," ló wí.

"Kò sí?" Lemuel tẹ̀ síwájú, ó rí ìlà náà. "Ta ló pa á rẹ́?"

Enos Peaslee dìde láti orí àga ẹ̀yìn. "Èmi ni mo fà á, Lemuel. Ẹnu mi ló fà á."

"Ẹnu yín kọ́ ló ń di gègé mú, Bàbá Peaslee."

"Kò le, kò le," ni Hoyt wí, ó ń nu òógùn ojú. "Àwa mẹ́ta rèé níjòókòó, òfin ò ní ká má kọ ọ́ padà. Díákónì, ẹ bi í ní ìbéèrè yín, kó dáhùn, ká kọ ọ́, kí iṣẹ́ máa lọ. Àwọn èèyàn wà lórí ìlà."

Díákónì tún ìwé náà tò níwájú rẹ̀. Ó ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìbéèrè náà láti ọdún mọ́kànlá, kò sí ìgbà kan tí èsì rẹ̀ ká a lára. Lọ́jọ́ yìí ó ká a lára. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló fẹ́ gbọ́: ilé yín. Bó tilẹ̀ jẹ́ irọ́ ni, á kọ ọ́ sílẹ̀.

"Lemuel Gove, níbo lo ń sùn?"

Lemuel wò ó títí. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Bí ẹni tó ti rìn jìnnà tó dé ẹnu ọ̀nà tó ń retí kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ló rí.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́, Bàbá. Níbo ni mò ń sùn?"

Nahum Dow pàápàá ti jí. Hoyt tẹ Díákónì lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ọ̀rọ̀ náà gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun Díákónì. Ó rí ojú Enos, ó rí gbogbo àwọn tí òun ti pa orúkọ ọmọ wọn rẹ́ láàárín ọdún mọ́kànlá, ó rí ibùsùn òkè tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí fún ọdún mẹ́ta. Kò tíì fọwọ́ sí ohun tí kò dá a lójú rí. Ó la ẹnu. Ohun tó sì ti ń jáde lẹ́nu náà láti àárọ̀ ló tún jáde.

"Ẹni tó kàn."

Lemuel rọra ká ìwé ìbò rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó dé fìlà. "Ó dàbọ̀, Bàbá." Àwọn èèyàn là á lọ́nà.

"Jotham," ni Hoyt wí lábẹ́ ohùn. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Dìde. Sáré tẹ̀ lé e."

Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ti dé iwájú tábìlì, ó ti dárúkọ ara rẹ̀. Díákónì wá orúkọ náà, ó sàmì sí i.

Lund ló borí ní Dunbury, ó fi ìbò méje ju Eastwick lọ. Àwọn kan hó, àwọn kan gbé Hoyt lé èjìká, wọ́n sì yára sọ ọ́ kalẹ̀. Díákónì fọwọ́ sí ìwé èsì pẹ̀lú lẹ́tà tó gún régé, ó jáde. Oòrùn kò tíì wọ̀. Ìyàwó Dow ń palẹ̀ agbọ̀n rẹ̀ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ń wá a, àbí? Ó ti lọ, Díákónì. Ó kọ́kọ́ lọ síbi ilé òkúta. Ó ṣí fìlà, ó dúró níbẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo gbé búrẹ́dì lọ fún un, ó ní ebi ò pa òun. Ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tó ń lọ sí ojú irin ló bá lọ."

"Kí ló wí?"

"Ó bi mí bóyá oṣù Kẹrin ni wọ́n á sin ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló tún wí?"

"Kò wí nǹkan míì. Ọwọ́ òfìfo ló lọ. Mo ní, ẹrù rẹ dà, ọmọ mi? Ó ní òun ò ní ẹrù."

Díákónì rìn délé. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó rí ipasẹ̀ bàtà lórí àtẹ̀gùn, ẹrẹ̀ tó ti gbẹ láti àárọ̀. Ó tẹ̀ lé e lọ sókè. Lórí ibùsùn Lemuel, àpò aṣọ nínípọn kan wà níbẹ̀, tí wọ́n fi okùn so lẹ́nu. Ẹnì kan ti ká kúbùsù sẹ́yìn. Ìrọ̀rí ti tẹ̀ ní àárín, ibi tí orí wà. Ọmọ náà ti gba ẹ̀yìn wọlé lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ jáde, ó ti sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì ti sùn díẹ̀ kó tó lọ síbi ìbò. Díákónì gbé ọwọ́ lé ìrọ̀rí náà. Ó tutù.

Lọ́jọ́ kejì ó kọ lẹ́tà. Lọ́tẹ̀ yìí kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. "Máa bọ̀ wálé" ni ìlà àkọ́kọ́, òun náà sì ni ìlà ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n kò mọ ilé tuntun tí Lemuel wà, ilé àtijọ́ ló fi í ránṣẹ́ sí. Ó padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnì kan ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kò sí níbí mọ́. Láàárín ìgbà náà, wọ́n kéde pé Lund ti di gómìnà. Díákónì gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ pé òjò rọ̀ nílùú míì.

Wọ́n sin Tamsin ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹrin. Ilẹ̀ ti rọ̀, àwọn ẹyẹ ti padà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gbàdúrà, ojú ọ̀nà ojú irin ni Díákónì ń wò. Enos Peaslee dúró tì í.

"Ó ṣì lè máa bọ̀," ni Enos wí.

"Bóyá." Díákónì kò mú ojú kúrò lójú ọ̀nà. "Mo ti fi iṣẹ́ ìwé náà sílẹ̀, Enos. Hoyt ni kí o bá sọ ti Orrin."

"Mo ti bá a sọ ọ́."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun á kọ àwọn méjèèjì."

Díákónì mi orí. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí àwọn agbẹ́lẹ̀ fi kó ṣọ́bìrì wọn lọ.

Láti ọjọ́ ìbò kò tíì tú àpò náà. Ó gbà pé ẹni tó so ó ni yóò wá tú u. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsìnkú ló tó jókòó sórí ibùsùn náà, tó tú okùn. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n sì lọ̀.

Abẹ ìfárí, àti ọṣẹ nínú páànù.

Bàtà iṣẹ́ kan, òwú há sí ihò okùn rẹ̀.

Ìwé láti ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ, pé Lemuel Gove ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, pé kò ní ìwà burúkú.

Aṣọ ìnujú kan, tuntun, dúdú, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ọ̀fọ̀.

Ọ̀pá ápù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, tí wọ́n fi àkísà tútù wé, irú èyí tí àgbẹ̀ máa ń gé láti ara igi kan lọ́ sára igi ápù míì nígbà ìrúwé, kó lè máa hù níbẹ̀. Àkísà náà ti gbẹ, àwọn ọ̀pá náà sì ti gbẹ.